Arìnrìn-àjò Tí Kì í Jẹ Ẹran ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú; ọ̀rọ̀ ikùn ni, àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí a jọ ro ti ẹni tí kì í jẹ ẹran, tí kì í sì í jẹ ẹja, tí ìrìn-àjò gbé dé ilẹ̀ wa, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí títí dé Ṣakí, ìlú Ọ̀kẹ̀rẹ̀, tí ó fi ẹ̀yìn ti òkè Asàbàrí: níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti jẹun tí yóò yó, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ lórí ohun tí ó jẹ?

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò. Láàárín àwọn agùnbánirọ̀ tí ìjọba ń kó wá sí àgọ́ wọn ní Ìsẹ́yìn, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ní Ṣakí, láàárín àwọn oníṣòwò tí ń gba ibodè kọjá sí ilẹ̀ Benin àti àwọn tí ń wá ra aṣọ òfì lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, a máa ń rí ẹni tí ó ti fi ẹran sílẹ̀ pátápátá. Òmíràn fi í sílẹ̀ nítorí ìmọ̀ràn dókítà, òmíràn nítorí pé àánú ẹranko ń ṣe é, òmíràn nítorí ìgbàgbọ́. Ìjọ Adventist tí ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́ ti ń gba àwọn ọmọ ìjọ wọn níyànjú láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀wà, ọkà, èso àti ẹ̀fọ́ ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sì ti dé Yunifásítì Babcock wọn ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1959 tí ó sì di yunifásítì ní ọdún 1999, yóò mọ̀ pé oúnjẹ tí kò lẹ́ran ni a mọ ilé oúnjẹ ibẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1847 ni àwọn tí kì í jẹ ẹran ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní Ethiopia, ní ọ̀pọ̀ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì inú ọdún, àwọn Kristẹni ìjọ Orthodox kì í fi ẹran kan ẹnu, wọn kì í sì í mu wàrà, àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ a sì máa se oúnjẹ ààwẹ̀ lọ́tọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí Ethiopia? Àwa náà mọ ohun tí ó ń jẹ́ èèwọ̀. Ó ṣòro kí a rí agboolé tí ó gbó ní Òkè-Ògùn tí kò ní ohun kan tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ wọn. Olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, obìnrin mìíràn sì wà tí a ti ka èèwọ̀ oúnjẹ kan fún láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ó dàgbà, tí ó relé ọkọ, tí ó di ìyá-ọkọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí kò sì tọ́ ọ wò láyé. Nítorí náà, kò sí ìyá olóúnjẹ kan ní ilẹ̀ yìí tí yóò ya ẹnu bí àlejò bá wí fún un pé ẹran jẹ́ èèwọ̀ fún òun. Ohun tí yóò bí i nínú ni kí ó bu oúnjẹ tán, kí ó da ọbẹ̀ lé e, kí ó sì gbé e síwájú ènìyàn, kí ẹni náà tó wá máa yí i sọ́tùn-ún sósì, tí yóò ní òun kò jẹ ẹ́ mọ́.

Àṣìṣe tí àlejò kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé, bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ilé oúnjẹ ńlá ni yóò máa fi ojú wá, èyí tí ó ní fáànù àti àga tí a fi aṣọ bò, nítorí ó rò pé ibi tí oúnjẹ bá ti pọ̀ ní oríṣiríṣi ni tirẹ̀ yóò ti wà. Yóò bèèrè bóyá wọ́n ní oúnjẹ tí kò lẹ́ran, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò sì bu ìrẹsì fún un láìfi ẹran lé e. Ọmọbìnrin tí ó bu oúnjẹ náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n omi ẹran ni a fi se ìrẹsì yẹn, ọbẹ̀ ata tí a dà lé e lórí ni ẹran ti ń hó nínú rẹ̀ láti àárọ̀, òróró tí a sì fi dín dòdò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a fi dín ẹja ṣáájú. Bí ó bá ní òun yóò jẹ ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí, edé gígún ti wọ inú ìkòkò náà kí irú tó wọ̀ ọ́, olóúnjẹ kì í sì í ka edé mọ́ ẹran. Màgí tí a fọ́ sí i pàápàá, òmíràn wà tí adìẹ ni wọ́n fi ṣe adùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn arìnrìn-àjò nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe bèèrè bí ẹran bá wà níbẹ̀, kí wọ́n wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi sè é?” Bí a bá bèèrè báyìí, ìyá náà yóò ka gbogbo ohun tí ó wọ inú ìkòkò náà fún wa, nítorí ọbẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè jẹ́ ohun ìwúrí fún un, abèèrè kò sì ní ṣìnà.

Èrò tèmi, tí mo sì dúró lé lórí, ni pé oúnjẹ tí ó dára jù lọ fún ẹni tí kì í jẹ ẹran ní Òkè-Ògùn wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń ta ohun kan ṣoṣo. Wọn kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní ju àdògán kan àti àpótí ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò wọn kò mọ ẹran rí. Alákàrà tí ó dáná sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀wà bíbó, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni ó lọ̀ pọ̀, inú òróró tí kò dín ohun mìíràn ni ó sì ń dà á sí. Ẹlẹ́kọ tí ó jókòó tì í, àgbàdo ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Oníègbo a máa ta ègbo funfun pẹ̀lú ẹ̀wà sísè, ẹnìkejì rẹ̀ a máa ta èkuru tí kò ní epo nínú, tí a ń fi ata díndín jẹ. Ní ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí sápala àti àbàrí, ẹ ó rí òjòjò, ẹ ó rí dùńdún pẹ̀lú ata lílọ̀. Mọ́ínmọ́ín nìkan ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí ayé ìsinsìnyí ti sọ ọ́ di ilé ẹja àti ẹyin. A ní láti bèèrè kí a tó tú ewé rẹ̀.

Wàrà yẹ ní ohun tí a ń fi àyè gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa gba màlúù, àwọn Fúlàní sì ti bá wa gbé pẹ́, àwọn obìnrin wọn a sì máa ru wàrà wá sí ọjà nínú igbá, tí àwọn ìṣù funfun rẹ̀ ń léfòó nínú omi ara wọn. Wọn a gbé wàrà màlúù kaná díẹ̀díẹ̀, wọn a sì fún oje ewé bọmubọmu sí i kí ó lè dì. Nígbà tí ó bá dì tán, wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí ewé yìí o. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ wàrà dídì ni wọ́n ń fi oje inú ikùn ọmọ màlúù mú dì, tí ẹni tí kì í jẹ ẹran fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; wàrà tiwa kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ewé ni ó mú un dì. Lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Benin, wàgàsí ni wọ́n ń pè é, wọn a sì máa fi ewé ọkà bàbà pa á láró kí ó lè pupa. Bí ẹ bá ra tútù, ẹ sọ fún ìyá alákàrà kí ó bá yín dín in, ẹ ó sì rí i pé kò sí ohun tí ẹran ń ṣe nínú ọbẹ̀ ata tí wàrà kò lè ṣe. Ẹni tí kì í mu wàrà màlúù náà ní tirẹ̀: láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ìyá wa ní oríṣiríṣi ohun tí a lè fi sóyà ṣe, wàrà sóyà tí a gún sí igi tí a sì dín sì ti di ohun tí a ń kiri ní gáréèjì báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ ilé àmàlà, nítorí ta ni yóò dé ilẹ̀ èlùbọ́ tí yóò lọ láìjẹ ọkà? Àwọn bàbá wa wí pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wò ó bí wọ́n ti to oúnjẹ ilẹ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ tí wọn kò sì dárúkọ ẹran níbẹ̀. Iṣu tí a bó, tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tí a sì sá sórí àpáta kí ọyẹ́ lè gbẹ ẹ́, ni a ń lọ̀ di èlùbọ́. Ní apá òkè lọ́hùn-ún, a tún ń rí àmàlà ọkà bàbà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò tíì tọ́ wò rí. Gbẹ̀gìrì ni ọbẹ̀ tí mo gbóríyìn fún jù: ẹ̀wà bíbó tí a sè títí tí ó fi yọ́, tí a fi ìjábẹ̀ lù tàbí tí a sẹ́, tí a fi epo, ata àti irú sí. Ewédú ni ìkejì rẹ̀, tí káún àti irú sọ di ohun tí ń yọ́ lọ́nà ọ̀fun. Àwọn ọbẹ̀ méjèèjì yìí, bí a bá sè wọ́n bí wọ́n ti ń sè wọ́n láyé àtijọ́, kò sí ẹran nínú wọn. Àwọn kan ti ń fi edé tàbí ẹja gbígbẹ sí wọn, nítorí náà ìbéèrè wa ìṣáájú kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu.

Ibi tí ewu wà ni ọwọ́ ìyá alámàlà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá: bí ó bá ti da gbẹ̀gìrì, tí ó da ewédú, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti fi ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran ṣe ìkẹta. Kí àlejò tètè dé, kí oòrùn tó kan àtàrí, kí èrò tó pọ̀, kí ó sì sọ tirẹ̀ kí ìyá náà tó mú abọ́: “Ìyá, gbẹ̀gìrì àti ewédú nìkan ni kí ẹ bá mi bù, ẹ má da ọbẹ̀ sí i, èèwọ̀ mi ni.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò mú ṣíbí mìíràn tí kò tíì wọ inú ọbẹ̀ ẹran, láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Mo ti rí èyí tí ó dá iṣẹ́ dúró, tí ó gún ata tútù àti iyọ̀ díẹ̀ nínú odó kékeré, tí ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ àlejò kí oúnjẹ rẹ̀ má baà tẹ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀ kan lé e.

Kí ni ó mú kí ìyá yẹn mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe? Ní ayé àwọn ìyá rẹ̀ àgbà, ẹran kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsìnkú arúgbó àti ìgbà tí ọdẹ bá ti ìgbẹ́ dé ni ẹran ń pọ̀ nílé; ní ọjọ́ yòókù, irú ni ó ń gbé ọbẹ̀ dìde. Igi igbá tí ń so irú pọ̀ ní ọ̀dàn wa, bẹ́ẹ̀ náà ni igi ẹ̀mí tí a ń fún òrí rẹ̀, tí àwọn ará ìṣáájú fi ń se ọbẹ̀ kí òróró inú ike tó dé. Wọ́n ní ìṣápá pẹ̀lú ẹ̀gúsí, wọ́n ní lúrú tí a fi ewé igi oṣè ṣe, wọ́n ní yánrin àti gbúre, wọ́n ní olú tí ń hù lórí ọ̀gán nígbà òjò. Ọgbọ́n ìdáná tí àlejò wa ń wá kiri kò tíì kú. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ti dàgbà. Nítorí náà, bí olóúnjẹ méjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀dọ̀ èyí tí ó dàgbà jù ni èmi yóò rán yín lọ.

Oúnjẹ tí a ń fi owó rà kò ṣòro tó èyí tí a fi ìfẹ́ gbé fún ni. Àlejò ti ń gba ilẹ̀ yìí kọjá kí a tó la títì: ní ọdún 1826 ni Clapperton, òyìnbó ará Scotland, gba Ṣakí lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, ní ọdún 1830 ni Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ sì gba Kìṣí lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá. Gbígba àlejò ti mọ́ wa lára, adìẹ ni a sì fi ń hàn pé àlejò níyì lójú wa. Ẹni tí ó bá wọ̀ sílé ènìyàn ní Òkehò tàbí ní Tedé tí kò bá tètè sọ̀rọ̀, wọn yóò ti mú adìẹ kó tó bu omi mu. Kí ó sọ ọ́ nígbà tí ìkíni ń lọ lọ́wọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kí ó dọ̀bálẹ̀, bí ó bá jẹ́ obìnrin kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá, oore yín kò ní dín. Ẹran jẹ́ èèwọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá rí iyán àti ẹ̀fọ́ onírú, mo ti jẹ àsè.” Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀, onílé tí ó bá mọ̀ pé òkété ni ó wọlé yóò mú èkùrọ́ wá, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ó rí ohun tí ó tọ́ fún àlejò rẹ̀. Bí ó bá ṣe ìgbà Iléyá ni, tí wọ́n gbé ẹran ọdún ránṣẹ́ sí i, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ó ṣàdúrà fún wọn, kí ó sì fi fún àwọn ọmọ ilé tí ó ń gbé. Kò tọ́ kí ó máa wàásù fún alápatà tàbí fún ọdẹ nínú ilé wọn. Èyí tí ó bá jẹ wọ́n lógún, wọn yóò bi í léèrè bí wọ́n bá rí i pé ara rẹ̀ le, tí ó ń dán.

Àwọn kan yóò wí pé ara ẹni tí kì í jẹ ẹran kò ní lókun. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀wà gbígbẹ ni èròjà tí ń mú ara dàgbà, ti sóyà sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní òwúrọ̀, tí ó jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì ní ọ̀sán, kò jẹ oúnjẹ akúṣẹ̀ẹ́. Ohun kan ni kí a má fi ṣeré: fítámì B12, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara ń lò, kò sí nínú ewé tàbí èso ilẹ̀. Wàrà àti ẹyin ní in. Ẹni tí kò bá jẹ ìwọ̀nyí náà, kí ó bá àwọn onímọ̀ ìlera sọ̀rọ̀ lórí oògùn rẹ̀ kí ó tó di pé ó ti pẹ́ jù.

Àkókò náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ olóúnjẹ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ni kì í ṣí ní ọ̀sán, ẹni tí kò gbààwẹ̀ sì lè jìyà ebi bí kò bá ra tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ̀gbẹ́ títì a kún fún ògì gbígbóná, àkàrà àti ẹ̀kọ, kò sì sí ìgbà kan nínú ọdún tí oúnjẹ aláìlẹ́ran pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì, kajú a dé, máńgòrò a tẹ̀lé e. Nígbà òjò ni àgbàdo tútù àti olú. Fún ẹni tí ń lọ síhà àríwá, láti Ìgbòho sí Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ìletò jìnnà sí ara wọn, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì ń nà sókè sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀. Kí ó di kúlíkúlí, ààdùn, dàkúwà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú àpò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé lónìí nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, irú ṣíṣe ni a ó gbé yẹ̀ wò, láti ìdí igi igbá títí dé inú ìkòkò ọbẹ̀.